Ìpàdé ẹbí ń bọ̀, àgbà méje ni yóò sọ̀rọ̀: báwo ni mo ṣe lè fi ọ̀wọ́ máìkì gba ohùn wọn kó já gaara?

Àrẹ̀mú_Agbolé

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ọ̀rọ̀ náà sì ká mi lára gan-an.

Lọ́dún tó kọjá, agbo ilé wa n'Íbàdàn ṣe ìpàdé, àwọn àgbà sì sọ ìtàn bí baba ńlá wa ṣe dé ìlú yìí. Fóònù kan ṣoṣo ni mo gbé sórí tábìlì àárín pálọ̀. Nígbà tí mo jókòó láti kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, mo rí i pé jẹnẹrétọ̀ àti fáànù ti bo ìdajì rẹ̀. Ibi tó dùn mí jù ni ibi tí Bàbá Àgbà ti ń ki oríkì. Ṣé wọ́n ní baba ńlá wa "gbọ́kọ́ wọ̀lú" ni, àbí "gbọ́kọ̀ wọ̀lú"? N kò lè sọ. Bó bá jẹ́ ọkọ́ ni, àgbẹ̀ ni wọ́n. Bó bá jẹ́ ọ̀kọ̀ ni, jagunjagun ni wọ́n. Bàbá Àgbà sì ti papò dà láti oṣù kẹta, n kò lè padà lọ bi wọ́n mọ́.

Oṣù tó ń bọ̀ la tún máa pàdé. Àgbà méje ni yóò jókòó yí pálọ̀ ká. Pálọ̀ náà gùn tó mítà 6, ó fẹ̀ tó mítà 5, táìsì ló wà nílẹ̀, páànù ló wà lórí. Mo ti gbìyànjú kí n fi máìkì kékeré há wọn láṣọ, wọn ò gbà, agbádá pàápàá sì ń ha á lára. Ọ̀rẹ́ mi kan wá fún mi ní pátákó roboto kékeré kan tó ní máìkì 4, tí wọ́n ń ki USB rẹ̀ bọ laptop. Ó ní ó ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní beamforming. Ṣé ó máa ràn mí lọ́wọ́? Àbí kí n lọ ra èyí tó ní máìkì 8?

Ẹlẹ́rọ_Ohùn

Àrẹ̀mú, ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí pátákó yẹn ń ṣe, kí ẹ lè mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó yára, ṣùgbọ́n kì í dé ibi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Ká ní máìkì méjì fi sẹ̀ǹtímítà 10 jìnnà síra, tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn. Ohùn rẹ̀ yóò kan ti ọ̀tún kó tó kan ti òsì, àárín méjèèjì kò sì tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún kan ìṣẹ́jú-àáyá, 0.29 mílíìsẹ́kọ́ǹdì ni. Etí ẹ̀dá lè má ka ìyẹn sí nǹkan, àmọ́ ẹ̀rọ tó ń wọn ìró nígbà 48,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò ti wọ̀n ọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá kí ohùn náà tó kan èkejì.

Iṣẹ́ beamforming kò ju èyí lọ: ó dá ohùn ti máìkì tó kọ́kọ́ gbọ́ dúró díẹ̀ kí ti èkejì bá a, ó wá pa wọ́n pọ̀. Ẹ rántí bí a ṣe ń ti mọ́tò tó kú sójú ọ̀nà. Bí gbogbo ènìyàn bá jọ tì í lẹ́ẹ̀kan náà, mọ́tò á lọ. Bí kálukú bá ń tì í nígbà tó wù ú, òógùn lásán ni. Ohùn tó ti ibi tí a dojú ẹ̀rọ kọ wá ni ti àwọn tó jọ tì í; ariwo tó ti ibòmíràn wá kò bá ara rẹ̀ mu, ó ń pa ara rẹ̀ kù. Níbi tí a fẹ́ kó dojú kọ, a ò fọwọ́ kan pátákó rárá. Ìṣirò ló ń yí ojú rẹ̀.

Èrè rẹ̀ wá dà? Bí ariwo ibẹ̀ bá jẹ́ irú èyí tó yàtọ̀ láti máìkì sí máìkì, máìkì 2 á fún yín ní 3 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ìró ṣe lágbára tó), 4 á fún yín ní 6 dB, 8 á fún yín ní 9 dB, ìyẹn bí gbogbo nǹkan bá lọ bó ṣe yẹ. Ẹ wá wo apá kejì. Bí ẹ bá gbé máìkì kan ṣoṣo láti mítà 2 wá sí mítà 1 sẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹ ti rí 6 dB láìná kọ́bọ̀. Ẹ sún un dé 50 sẹ̀ǹtímítà, ó di 12 dB. Kí ọ̀wọ́ máìkì tó dúró sí mítà 2 tó lè fún yín ní 12 dB yẹn, máìkì 16 ló máa ní. Ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti to máìkì 1,020 sójú kan rí, ìṣirò yìí kan náà sì sọ pé 30 dB lèrè tirẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ fi owó yín sápò ná.

Nǹkan kejì ni gbohùngbohùn, ohùn tó kọlu ògiri àti táìsì tó tún padà wá. Nínú pálọ̀ bíi tiyín, tí kò sí kápẹ́ẹ̀tì, tí òrùlé ga tó mítà 3, mo ṣírò rẹ̀ pé bí máìkì bá ti kọjá nǹkan bíi 60 sẹ̀ǹtímítà sẹ́nu ènìyàn, ohùn tó ń ti ara ògiri bọ̀ ti ń pọ̀ ju èyí tó ń ti ẹnu bọ̀ tààrà. Tábìlì àárín pálọ̀ jìnnà ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ìyẹn ló jẹ́ kí ohùn Bàbá dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú àgbá.

Nítorí náà, àga ni kí ẹ kọ́kọ́ sún. Ẹ to àga méjèèje yíká kó má ju mítà 2 àbọ̀ lọ láti àga kan sí èyí tó dojú kọ ọ́, kí pátákó wà láàárín. Kálukú á wà ní nǹkan bíi mítà kan àti díẹ̀ sí máìkì, ìdí ò sì ní fún wọn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ká tó máa sọ̀rọ̀ beamforming.

Ìyá_Rédíò

Àrẹ̀mú ọmọ mi, Ọlọ́run á wo ilé. Mo ṣe iṣẹ́ rédíò fún ohun tó lé ní ogún ọdún, a sì gba ohùn àwọn àgbà nílé wọn ju nílé iṣẹ́ lọ.

Tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tàbí ẹní sílẹ̀. Ta kọ́tìnì tó nípọn sójú fèrèsé, kódà aṣọ òfì ìyá rẹ á ṣe é. Gbé fóòmù ibùsùn kan ti ògiri tó gbòòrò jù. Ohùn á yí padà lójú rẹ.

Fi táwẹ̀lì tí o ká ní ìlọ́po mẹ́rin sábẹ́ pátákó yẹn. Àwọn àgbà máa ń fi ọ̀pá kan ilẹ̀, wọ́n máa ń fọwọ́ lu tábìlì bí ọ̀rọ̀ bá dùn, ife tíì náà á máa ró. Gbogbo rẹ̀ ló ń gba ara igi wọ inú máìkì.

Máa gbé máìkì sábẹ́ fáànù òkè láéláé? Ó tì o. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ lu máìkì yàtọ̀ sí ariwo. Bí ooru bá mú, fi ìpàdé sí agogo méje àárọ̀, kí o sì pa fáànù. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Nínú iṣẹ́ wa, a kì í fi ìṣẹ́jú yẹn ṣeré.

Olùkọ́_Físíìsì

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá fún ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan yẹn, mo máa padà sí i.

Jẹnẹrétọ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń rò pé ọ̀wọ́ máìkì á pa ariwo rẹ̀ rẹ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré onípẹtiróòlù a máa yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan kí iná rẹ̀ lè jẹ́ 50 Hz. Ìyẹn ni ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa bú lẹ́ẹ̀kan nínú yíyí méjì, nígbà 25. Nítorí náà, 25, 50, 75, 100 Hz àti sókè ni ariwo rẹ̀ tò sí. Ní 100 Hz, ìgbì ìró kan gùn tó mítà 3.4. Pátákó tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ kò lè mọ ibi tí irú ìgbì bẹ́ẹ̀ ti ń bọ̀, torí ohun kan náà ni gbogbo máìkì rẹ̀ ń gbọ́ lásìkò kan náà. Ibẹ̀ gan-an sì ni jẹnẹrétọ̀ ti lágbára jù. Ẹ pa á. Bí ẹ kò bá lè pa á, ẹ gbé e lọ sẹ́yìn ilé kejì kí ẹ fi wáyà gígùn fà á wá. Laptop yóò lo bátìrì tirẹ̀.

Òdì kejì rẹ̀ náà wà. Bí máìkì méjì bá jìnnà síra ju ìdajì ìgbì lọ, ìṣirò á dàrú, ẹ̀rọ á máa rò pé ohùn tó ti ọ̀tún wá lè ti òsì wá. Ní 4,000 Hz, ìgbì kò ju 8.6 sẹ̀ǹtímítà, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 4.3. Ní 8,000 Hz, ìdajì rẹ̀ kò ju 2.1 lọ. Nítorí náà, Àrẹ̀mú, ẹ má kàn máa ka iye máìkì. Máìkì 8 tí wọ́n há mọ́ ara wọn sójú kan kò ní fi bẹ́ẹ̀ ràn yín lọ́wọ́ níbi ohùn ìsàlẹ̀, mẹ́rin tí wọ́n sì ta nù síra jìnnà á máa dàrú níbi ohùn òkè. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí a máa to díẹ̀ nítòsí, díẹ̀ lókèèrè. Kinect, ẹ̀rọ eré Xbox tó jáde ní 2010, lo 4, Amazon Echo àkọ́kọ́, sípíkà tó ń gba àṣẹ lẹ́nu, lo 7 ní 2014, méjèèjì sì ṣiṣẹ́.

Nísinsìnyí, ìṣẹ́jú kan ti Màmá. Ọ̀nà tí Ẹlẹ́rọ_Ohùn ṣàlàyé yẹn, dídá dúró kí a sì pa pọ̀, kì í béèrè ibi tí ariwo ti ń bọ̀. Ọ̀nà kan wà tó ń béèrè, MVDR ni wọ́n ń pè é. Jack Capon ló gbé e jáde ní 1969, kì í sì í ṣe ohùn ènìyàn ló ń wá. Ìgbì inú ilẹ̀ ló ń gbọ́, lórí àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n tẹ́ káàkiri Montana ní Amẹ́ríkà kí wọ́n lè mọ bọ́ǹbù átọ́míìkì yàtọ̀ sí ìmìtìtì ilẹ̀. Ohun tí MVDR ń sọ ni pé: ibi tí mo dojú kọ yìí, ẹ má fọwọ́ kàn án, ohun gbogbo tó kù, ẹ dín in kù bó bá ṣe lè ṣeé ṣe tó. Kó tó lè dín ariwo kù, ó gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ariwo náà láìsí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan tí Màmá ní kí ẹ gbà sílẹ̀ ló máa kọ́ ọ.

Bí ariwo bá ń ti ojú kan bọ̀, bí sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí àdúgbò, tàbí aládùúgbò tó ń lu irin, MVDR á ṣe yín lóore gan-an. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, ojú gbogbo ni ariwo ti ń bọ̀, kò sí ibi tí ẹ̀rọ fẹ́ di etí sí. Ẹ jẹun títí òjò á fi dá.

Àbíkẹ́_Onímọ̀Èdè

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ohùn èdè wa kún un, torí ọ̀rọ̀ ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ yìí gbà mí lọ́kàn. Bí ẹ bá ń gbọ́ "gbé ọkọ́" àti "gbé ọ̀kọ̀" lẹ́nu ẹni tó ń ki oríkì kíákíá, fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ ti wọnú ara rẹ̀, ohùn tó gbẹ̀yìn nìkan ló kù tó lè yà wọ́n. Gbogbo ìtàn ìdílé yín wà lórí ohùn kan.

Ẹnì kan lè ní kí ẹ má gé ohùn ìsàlẹ̀ kúrò torí kí ohùn ọkùnrin àgbàlagbà má bàa sọnù. Ẹ má bẹ̀rù. Bí ẹ bá gé ohun tó wà lábẹ́ 80 Hz, ẹ máa dín jẹnẹrétọ̀ kù, àmì ohùn kò sì ní lọ. Bí ẹni kan bá ń sọ̀rọ̀ ní 100 Hz, ohùn rẹ̀ tún wà ní 200, 300, 400 àti sókè, etí wa sì ń fi àwọn yẹn mọ bí ohùn ṣe ga tó. Ẹ̀rí rẹ̀ ni tẹlifóònù àtijọ́: 300 sí 3,400 Hz nìkan ló ń gbé kọjá, síbẹ̀ a máa ń gbọ́ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọ̀kọ̀ lórí rẹ̀.

Ohun tó ń ba àmì ohùn jẹ́ ni méjì. Àkọ́kọ́ ni gbohùngbohùn: ìrù sílébù tó ṣáájú á wọ́ dé orí èyí tó tẹ̀ lé e, tí àmì ohùn òkè á fi bo àmì ohùn ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀. Èkejì ni ètò apariwo (èyí tó ń pa ariwo rẹ́) tó le jù, irú èyí tí fóònù àti ètò ìpàdé orí fídíò ń tàn fúnra wọn. A máa gé ìparí ọ̀rọ̀ jẹ, ibẹ̀ sì ni ohùn ìsàlẹ̀ Yorùbá máa ń rọ̀ sí jù. Ẹ pa á pátápátá.

Àrẹ̀mú_Agbolé

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè kan: àwọn ọmọ ilé pọ̀, fóònù ò wọ́n wa. Ṣé n kò lè fi fóònù 4 ṣe ọ̀wọ́ máìkì, kí n wá pa wọ́n pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà?

Àkànní_Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ lè lo fóònù, àmọ́ ẹ má fi wọ́n ṣe beamforming. Fóònù kọ̀ọ̀kan ní aago tirẹ̀, aago méjì kì í sì í sáré bákan náà. Ká ní ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 50 nínú mílíọ̀nù kan péré. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ọ̀kan á ti fi mílíìsẹ́kọ́ǹdì 3 ṣáájú èkejì, ìró sì ń rin mítà kan láàárín àkókò yẹn. Ìyàtọ̀ tí à ń wá láàárín máìkì kò tó mílíìsẹ́kọ́ǹdì kan! Lára pátákó yín, aago kan ṣoṣo ló ń darí máìkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ohun tí ẹ kò lè fi fóònù rà nìyẹn.

Ọ̀nà tí fóònù fi wúlò ni kí ẹ gbé ọ̀kan sórí apá àga ẹni tí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ jù. Kí ẹnì kan pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí, kí ẹ lè to àwọn fáìlì mọ́ra. Nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ máa gbọ́ èyí tó bá já gaara jù níbẹ̀.

Nípa pátákó: bó bá jẹ́ ReSpeaker Mic Array v2.0 ni, fámúwíà (ètò tó ń darí ẹ̀rọ láti inú) méjì ló ní. Ọ̀kan ń fún yín ní ohùn kan ṣoṣo tí ó ti ṣiṣẹ́ lé lórí. Èkejì ń fún yín ní ọ̀nà 6: ohùn tó ti ṣiṣẹ́ lé lórí, ohùn tútù (tí a kò tíì ṣiṣẹ́ lé lórí) ti máìkì 4 lọ́kọ̀ọ̀kan, àti èyí tó ń ti ẹ̀rọ jáde. Ọlọ́nà 6 ni kí ẹ lò. Ohùn tútù ni ogún yín. Ìṣirò tó dára ju ti òní lọ á dé lọ́la, ẹ ó sì lè tún un ṣe. Èyí tí pátákó ti pa pọ̀ kò ṣeé tú mọ́.

Lórí Linux, àṣẹ tí ẹ ó tẹ̀ nìyí:

arecord -D hw:1,0 -c 6 -r 16000 -f S16_LE ipade.wav

Nọ́ńbà 1,0 lè yàtọ̀, arecord -l á fi hàn yín. Fáìlì náà á tó mẹ́gábáìtì 690 ní wákàtí kan. Ẹni tó bá ń lo ọ̀nà 8, 48,000 Hz, bit 24, kó ṣọ́ra: WAV lásán kì í kọjá gígábáìtì 4, á sì kún ní nǹkan bíi wákàtí kan. Mo ti pàdánù ìparí ìwàásù kan báyìí rí, ó sì dùn mí títí dòní.

Lẹ́yìn ìgbà náà, pyroomacoustics á ṣe beamforming fún yín lórí Python, BeamformIt náà wà, nara_wpe sì ń dín gbohùngbohùn kù. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. WPE, ìyẹn ìdín gbohùngbohùn kù yẹn, ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí MVDR tẹ̀ lé e.

Àrẹ̀mú_Agbolé

Mo ti dán an wò lánàá pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé. Mo tẹ́ ẹní, mo ta kọ́tìnì, mo pa fáànù. Ohùn tútù máìkì kan ṣoṣo ti dára ju ti ọdún tó kọjá lọ kí n tó ṣe ìṣirò kankan. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó mi kó wá gbọ́.

Ìṣòro kan ló kù. Ohùn tí pátákó ń pa pọ̀ fúnra rẹ̀ ń gé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́nu lé ọ̀rọ̀. Ọmọ ní "Ẹ kú àárọ̀", "àárọ̀" nìkan ni mo gbọ́. Bí ẹni méjì bá sì jọ sọ̀rọ̀, á máa fò láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kejì.

Ẹlẹ́rọ_Ohùn

Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ dé. Pátákó ń wá ibi tí ohùn ti ń bọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ gbọ́ díẹ̀ kó tó mọ̀. Díẹ̀ yẹn ló gbé "Ẹ kú" lọ. Àwọn àgbà wa kì í dúró de ara wọn, ẹnì kan á máa sọ̀rọ̀, ẹnì kejì á ní "bẹ́ẹ̀ ni", ẹnì kẹta á máa ki í lọ. Kò sí pátákó tó lè sáré tẹ̀ lé ìyẹn.

Ẹ má jẹ́ kó wá ẹnikẹ́ni. Àga méje lẹ ní, wọn kì í sì í rìn. Ẹ pín 360 sí 7, àga kọ̀ọ̀kan á fi nǹkan bíi digírì 51 jìnnà sí èkejì. Ẹ ya pátákó sórí bébà, ẹ fi àmì sí ibi tí máìkì àkọ́kọ́ dojú kọ, ẹ kọ orúkọ kálukú síbi àga rẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé, láti inú fáìlì tútù kan náà, ẹ ṣe beamforming lẹ́ẹ̀méje, ọ̀kan fún àga kan. Ẹ ó ní fáìlì méje, nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹni tó ni àga yẹn ni ohùn rẹ̀ á yọ jù. Kò sí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa sọnù.

Kí n má tàn yín: máìkì 4 lára pátákó kékeré kò lè ya àwọn tó jókòó ti ara wọn pátápátá. Ẹ ó ṣì máa gbọ́ ti ẹ̀gbẹ́. Nítorí náà, ẹ má fi àwọn méjì tí ohùn wọn jọra jókòó ti ara wọn. Ẹ tún jẹ́ kí ẹnì kan lọ pàtẹ́wọ́ níwájú àga kọ̀ọ̀kan kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó fi yẹ digírì wò.

Ìyá_Rédíò

Ọmọ mi, kí o tó tẹ bọ́tìnì, sọ fún wọn pé ò ń gba ohùn wọn, sọ ibi tó ń lọ, kí o sì dúró kí wọ́n fèsì. Ohùn tó ń fèsì yẹn náà gbà á sílẹ̀. Oríkì kan wà tí ìdílé kì í fẹ́ kó jáde síta, àwọn ló máa sọ fún ọ. Bí wọ́n bá ní kí o pa á, pa á lójú wọn.

Àrẹ̀mú_Agbolé

Ẹ̀yin ará, a ti ṣe é o.

Agogo méje àárọ̀ la bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà kọ́kọ́ bínú sí bí àga ṣe súnmọ́ra, Màmá Àgbà wá ní bí wọ́n ṣe ń jókòó ní òde ilé bàbá wọn nìyẹn, ni gbogbo wọn bá jókòó. Wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú ni mo gbà. Òjò rọ̀ láàárín, a jẹ mọ́ínmọ́ín.

Mo ṣe fáìlì méje. Ti àwọn márùn-ún já gaara débi pé ọmọ mi tí kò gbọ́ oríkì rí ń kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Bàbá kan ń yí ojú sẹ́yìn bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ti ibẹ̀ kò dára. Màmá Àgbà, ohùn wọn ti rọlẹ̀ púpọ̀; fóònù tí Àkànní ní kí n gbé sórí apá àga ló gbà wá.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ki oríkì náà dé ibi tí Bàbá Àgbà bá a dé. Ẹ jọ̀ọ́, kò sí ohun tí mo lè ṣe sí fáìlì ọdún tó kọjá? Mo ti gbé e sínú ètò apariwo mẹ́ta.

Ẹlẹ́rọ_Ohùn

Máìkì kan ṣoṣo ló gbà á, Àrẹ̀mú, kò sí ìtọ́sọ́nà kankan nínú rẹ̀ tí ìṣirò lè dì mú. WPE lè dín gbohùngbohùn rẹ̀ kù díẹ̀. Ẹ má sì lo ètò apariwo tó ń fi ọpọlọ ẹ̀rọ tún ohùn dá. Ó lè fún yín ní ọ̀kọ̀ tó dán gbinrin tí Bàbá kò sọ.

Àbíkẹ́_Onímọ̀Èdè

Ọ̀nà kan wà táwọn tó ń gba èdè sílẹ̀ máa ń lò. Ẹ gbé fáìlì àtijọ́ náà lọ bá Màmá Àgbà. Ẹ fi ẹ̀rọ àgbékọ́tí tó dára sí wọn létí, ẹ máa dá a dúró ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tún un sọ sínú máìkì tó wà nítòsí ẹnu wọn, díẹ̀díẹ̀, ketekete. Wọ́n ti gbọ́ oríkì yẹn lẹ́nu ọkọ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Etí wọn mọ̀ ọ́n ju ẹ̀rọ èyíkéyìí lọ. Máìkì kan, 20 sẹ̀ǹtímítà.

Àrẹ̀mú_Agbolé

Mo lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ohùn Bàbá láìsọ nǹkan kan, wọ́n ní kí n tún un fi sí i. A wá bẹ̀rẹ̀, gbólóhùn kan lẹ́yìn èkejì. Nígbà tó dé ibẹ̀, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n dá a dúró. "Gbọ́kọ́ wọ̀lú," ni wọ́n wí. "Ọkọ́. Bàbá yín dáko sí ẹ̀yìn odi kí wọ́n tó kọ́lé kankan. Ta ló sọ fún ẹ pé wọ́n jagun?"